Kí Ni Nọ́ńbà Ara Lẹ́ǹsì Ń Wí? Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Superzoom fún Kámẹ́rà DSLR Yín

18-400mm F/3.5-6.3 Di II VC HLD. Ohun tí wọ́n kọ sára lẹ́ǹsì kan tí ilé iṣẹ́ Tamron ṣe nìyẹn. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀: ìlà kan ṣoṣo yẹn ló sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí lẹ́ǹsì náà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà á kàn máa wò ó bí ẹni ń wo ọfọ̀ ni. Nọ́ńbà kan ni ojú rẹ̀ máa ń bà lé, ìyẹn 400, torí òun ló tóbi jù, òun náà sì ni ẹni tó ń tà á máa ń tọ́ka sí. Ní tèmi, 6.3 ni mo máa ní kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí inú wọn kò dùn sí superzoom tí wọ́n rà, ìyẹn irú lẹ́ǹsì yìí tó ń ya ìtòsí tó sì ń ya òkèèrè, 6.3 yẹn ló já wọn kulẹ̀, wọn ò sì mọ̀ pé òun ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí lẹ́ǹsì yìí jẹ́. Kámẹ́rà DSLR jẹ́ kámẹ́rà tó ní dígí nínú, tí èèyàn lè yọ lẹ́ǹsì rẹ̀ kó sì fi òmíràn sí i. Èyí tó sábà máa ń bá a wá nínú páálí ni 18-55mm. Ó dáa fún ẹni tó dúró nítòsí, fún inú ilé, fún ojú ọ̀nà. Tí nǹkan bá ti jìnnà, kò tó mọ́ nìyẹn, ẹ ó ní láti yọ ọ́, kí ẹ fi 55-200mm tàbí 70-300mm rọ́pò rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ tó bà sórí ẹ̀ka kò ní dúró dè yín. Bí ẹ sì ṣe ń ṣí iwájú kámẹ́rà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni eruku ń rọ́nà wọlé. Ó lè bà lé sẹ́ńsọ̀, ìyẹn awẹ́ pẹlẹbẹ inú kámẹ́rà tó ń gba àwòrán sílẹ̀, kó wá di àmì róbótó tí ẹ óò máa rí lójú ọ̀run nínú gbogbo fọ́tò tí ẹ bá yà.

Superzoom ni lẹ́ǹsì tó kó iṣẹ́ lẹ́ǹsì méjì yẹn pọ̀ sára kan. Lọ́dún 1992, Tamron gbé 28-200mm kan jáde fún kámẹ́rà onífíìmù, ó sì kéré débi pé èèyàn lè gbé e kọ́rùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń fà á gùn sí i. Nikon ṣe 18-200mm tirẹ̀ lọ́dún 2005, Canon ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2008. Lọ́dún 2008 yẹn náà ni Tamron dé 18-270mm, ó ṣe 16-300mm lọ́dún 2014, ó sì fò dé 18-400mm lọ́dún 2017. Sigma náà ní 18-300mm tó jáde lọ́dún 2014. Àwọn tí ẹ máa bá pàdé nìyẹn, yálà tuntun tàbí àlòkù.

Ẹ má fi x ra lẹ́ǹsì

Ẹ ó rí i tí wọ́n kọ 11x, 16x tàbí 22x sára páálí. Ìṣirò kékeré ni. Wọ́n fi nọ́ńbà kékeré pín nọ́ńbà ńlá: 400 tí a fi 18 pín jẹ́ 22.2. Kò sọ bí lẹ́ǹsì ṣe ń ríran jìnnà tó rárá. Lẹ́ǹsì 70-300mm kò ju 4.3x lọ, 18-200mm jẹ́ 11x, síbẹ̀ 70-300mm ló máa fa ohun tó wà lókèèrè súnmọ́ yín jù. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fi x polówó ọjà fún yín, ẹ bi í léèrè mm.

mm ló ń sọ bí ojú lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó. Nọ́ńbà kékeré ń fẹ ojú, nọ́ńbà ńlá ń fún ojú pọ̀, ó sì ń fa nǹkan súnmọ́. Lórí ọ̀pọ̀ DSLR tí àwọn èèyàn ń rà, 18mm máa ń rí nǹkan bíi dígírì 76, láti igun kan fọ́tò dé igun kejì. Ìyẹn tó láti kó gbogbo ìdílé tó jókòó sí pálọ̀ pọ̀ sínú fọ́tò kan. 300mm kò rí ju nǹkan bíi dígírì 5 lọ. Ẹ na apá gbọọrọ síwájú, kí ẹ to ìka mẹ́ta àárín pọ̀, kí ẹ di ojú kan: ohun tí ìka mẹ́ta yẹn bò mọ́ yín lójú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìwọ̀n ohun tí 300mm máa rí.

Mo ní “lórí ọ̀pọ̀ DSLR” torí pé bí sẹ́ńsọ̀ ṣe tóbi tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní full-frame tóbi tó fíìmù àtijọ́, mìlímítà 36 ní ìbú, 24 ní òró. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lórí DSLR tí owó rẹ̀ kò pọ̀ jù ni APS-C, ó sì kéré ju ìyẹn lọ. Àárín àwòrán tí lẹ́ǹsì gbé wá nìkan ló máa ń mú, ó máa ń gé etí rẹ̀ dànù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń sọ pé kí ẹ fi 1.5 sọ mm di púpọ̀ tó bá jẹ́ Nikon tàbí Pentax, kí ẹ fi 1.6 sọ ọ́ di púpọ̀ tó bá jẹ́ Canon. 300mm á wá dà bíi 450 tàbí 480 lórí full-frame. Lẹ́ǹsì náà kò yí padà o. Ọ̀nà láti fi ojú wọn wéra ni.

Níbi tí àwọn èèyàn ti ń wo orí òkè, èmi á ní kí ẹ wo ìsàlẹ̀ dáadáa. Láti 270mm dé 300mm, ìgbésẹ̀ mélòó kan síwájú ti lè dí àlàfo yẹn. Ṣùgbọ́n 16mm ń rí nǹkan bíi dígírì 82, nígbà tí 18mm ń rí 76, nínú yàrá tóóró tí ẹ̀yìn yín sì ti kan ògiri, dígírì mẹ́fà yẹn lè jẹ́ èèyàn méjì tí ẹ̀ bá gé kúrò nínú fọ́tò. Ẹ lè gé àárín fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà kí ohun tó jìnnà lè tóbi sí i. Kò sí bí ẹ ṣe lè fẹ etí fọ́tò kí ohun tí lẹ́ǹsì kò rí wá yọjú.

Ọ̀rọ̀ 6.3

Nọ́ńbà tó tẹ̀lé F ń sọ bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọnú lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó. Ohun tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń tóbi ni ihò ń kéré. Ìdí ni pé ìdá ló jẹ́. F/6.3 túmọ̀ sí pé kí ẹ fi 6.3 pín mm tí ẹ sún lẹ́ǹsì dé, ohun tó bá jáde ni ìbú ihò náà. 300 tí a fi 6.3 pín jẹ́ nǹkan bíi 48, ìyẹn ni pé ihò náà fẹ̀ tó mìlímítà 48. Tí ẹ bá fẹ́ F/2.8 ní 300mm kan náà, ihò á ní láti fẹ̀ tó mìlímítà 107, gíláàsì iwájú rẹ̀ kò sì ní kéré sí ìyẹn. Irú àwọn lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ wà. Àwọn tó ń ya eré ìdárayá ló máa ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ọ̀pọ̀ wọn sì wúwo ju kílò méjì lọ. Bí lẹ́ǹsì kan bá máa bẹ̀rẹ̀ láti 18, kó dé 300 tàbí 400, kó sì tún wọ inú báàgì, ìmọ́lẹ̀ ló máa fi sílẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ tó lè fi ọgbọ́n yẹ òfin yẹn sílẹ̀.

Nikon fi èyí hàn wá kedere. Lọ́dún 2012, wọ́n ṣe 18-300mm tó parí sí F/5.6, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 830. Nígbà tó di 2014, wọ́n ṣe 18-300mm mìíràn tó parí sí F/6.3. Ìwọ̀n ìyẹn jẹ́ gíráàmù 550. mm kan náà, kámẹ́rà kan náà, àmọ́ bí wọ́n ṣe jẹ́ kí ihò kéré díẹ̀ ní òpin rẹ̀ jẹ́ kí lẹ́ǹsì náà fi gíráàmù 280 fúyẹ́. Tí wọ́n bá gbé méjèèjì síwájú yín, kì í ṣe pé ọ̀kan jẹ́ ayédèrú èkejì. Ẹ̀yin lẹ máa pinnu bóyá ọrùn yín lẹ fẹ́ gbà sílẹ̀ ni àbí ìmọ́lẹ̀.

Kí wá ni ìmọ́lẹ̀ tó dín kù yìí ń ṣe sí fọ́tò? F/6.3 kì í gbà tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ tí F/3.5 ń gbà. F/2.8 ń gba ìlọ́po márùn-ún ohun tí F/6.3 ń gbà. Ẹ má sì rò pé 3.5 á dúró síbẹ̀ títí ẹ ó fi dé òpin. Ní 18mm nìkan ni ẹ máa rí i. Bí ẹ ṣe ń sún lẹ́ǹsì síwájú ni ihò ń kéré, kò sì ní pẹ́ tó fi máa kúrò ní 4 kó sún mọ́ 5, nígbà tí ẹ ṣì wà ní ìwọ̀n tí èèyàn fi ń ya ojú àti èjìká.

Ẹ fojú inú wo yàrá kan lálẹ́, tí gílóòbù ń tàn, tí ọmọdé kan ń ṣeré nílẹ̀. Ká ní ẹ gbé ISO, ìyẹn bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń jí sí ìmọ́lẹ̀ tó, sí 1600. Ní F/5.6, ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó sì ń tì nínú kámẹ́rà, lè nílò nǹkan bíi 1/30 ìṣẹ́jú àáyá kí ìmọ́lẹ̀ tó tó. Ọmọ tó ń ṣeré kì í dúró fún 1/30. Ọwọ́ rẹ̀ á di òjìji, ojú rẹ̀ á ṣe bàìbàì. Nínú yàrá yẹn kan náà, lẹ́ǹsì F/1.8 á gba nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀, ṣọ́tà á lè yára dé nǹkan bíi 1/300, ọmọ náà á sì hàn kedere. Ẹ lè gbé ISO sókè sí 6400 láti fi gba superzoom là, àmọ́ wóró-wóró máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú òkùnkùn fọ́tò náà, àwọ̀ ara èèyàn á sì ṣá.

Ọ̀rẹ́ mi kan gbé kámẹ́rà rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe nínú gbọ̀ngàn. Ó ní ó ti bàjẹ́, torí àwọn fọ́tò tó fi yà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn níta dára gan-an, ti inú ilé kò sì ṣeé wò. A ṣí fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà, a wo àwọn nọ́ńbà tí kámẹ́rà máa ń kọ pamọ́ sínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan. F/6.3 ni, 200mm ni, 1/25 ni. Kò sí ohun tó ṣe kámẹ́rà. Ó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó fi lẹ́ǹsì fa tọkọtìyàwó súnmọ́, lẹ́ǹsì sì ṣe gbogbo ohun tí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ gbà á láyè láti ṣe. Ó dùn mí fún un, torí ọjọ́ yẹn kò ní padà wá. Látìgbà yẹn ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ 6.3 fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra lẹ́ǹsì.

Ẹnì kan á ní, “Ṣebí lẹ́ǹsì náà ní VC?” Òótọ́ ni. VC ni Tamron ń pè é, Nikon ń pè é ní VR, Canon ń pè é ní IS, Sigma ń pè é ní OS, ohun kan náà sì ni gbogbo wọn: gíláàsì kan nínú lẹ́ǹsì tó ń rọra yí láti fi pa gbígbọ̀n ọwọ́ yín rẹ́. Pentax fi tirẹ̀ sínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Ẹ má ra superzoom tí kò ní in, àyàfi tí kámẹ́rà yín bá ti ní tirẹ̀. Òfin àtijọ́ ni pé kí ṣọ́tà má lọ́ra ju 1 tí a fi mm pín lọ, kí a sì ka ìlọ́po 1.5 yẹn mọ́ ọn. Ní 300mm, ẹ máa nílò nǹkan bíi 1/450 kí ọwọ́ yín má bàa ba fọ́tò jẹ́. Tí VC bá wà níbẹ̀, tí ẹ sì rọra dúró, 1/60 lè ṣeé ṣe, nígbà míì 1/30 pàápàá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀yin tó di kámẹ́rà mú nìkan ló ń dá dúró. Kò lè dá ọmọ tó ń sáré dúró, kò lè dá ẹni tó ń jó dúró. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nìyí, tí wọ́n fi ń rò pé VC máa ṣe iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀.

Ó tún ku ibì kan tí 6.3 ti ń dẹ́rù pa kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ tó gba inú lẹ́ǹsì wọlé ni DSLR fi ń mọ ibi tó yẹ kó fojú sùn kí nǹkan lè hàn gaara, ọ̀pọ̀ lára àwọn ojú tó fi ń ṣe é ni wọ́n sì ṣe fún F/5.6 tàbí ihò tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú ọ̀sán, F/6.3 ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ ó rí i tí lẹ́ǹsì náà ń lọ síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ẹ fi ojú àárín nìkan sun nǹkan náà, kí ẹ sì wá ibi tí àwọ̀ méjì ti pàdé, bíi kọ́là aṣọ tàbí etí ìwé. Ìyẹn sábà máa ń ràn án lọ́wọ́.

Mi ò sọ gbogbo èyí láti fi lé yín sá. Ẹ gbé lẹ́ǹsì kan náà jáde sínú oòrùn ọ̀sán gangan: ní F/6.3 àti ISO 100, ṣọ́tà ti lè dé nǹkan bíi 1/640. Ẹ gbé ISO sí 400, ó di nǹkan bíi 1/2500, ẹ lè dá ìyẹ́ ẹyẹ dúró lójú ọ̀run. Níta, lọ́sàn-án, 6.3 kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín.

Ohun mìíràn wà tí wọ́n máa ń fi bú superzoom tí kò tọ́ sí i, ìyẹn ni pé kò lè mú kí ẹ̀yìn èèyàn ṣe bàìbàì nínú fọ́tò. Ẹ rántí ìṣirò ihò yẹn. 300mm ní F/6.3 jẹ́ ihò mìlímítà 48. 50mm ní F/1.8 jẹ́ mìlímítà 28 péré. Tí ẹ bá sún sẹ́yìn dáadáa, tí ẹ fa èèyàn náà súnmọ́ pẹ̀lú 200 tàbí 300, tí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì jìnnà sí i, ẹ̀yìn náà á rọ̀, á sì ṣú lọ lọ́nà tó fani mọ́ra. Àyè tó gùn àti ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ nìkan ló nílò.

Àwọn àbùkù tó kù

Àwọn àgbà ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Superzoom kò pòfo, àmọ́ ó lé eku púpọ̀, ìyẹn sì máa ń hàn. Ní 18mm, ìlà tó gún, bíi etí ògiri, á yọ ikùn síta. Tí ẹ bá ti sún síwájú díẹ̀, ìlà kan náà á yọ ikùn sínú. Etí ẹ̀ka igi tó kọjú sí ọ̀run funfun lè ní àwọ̀ àlùkò tẹ́ẹ́rẹ́. Igun fọ́tò lè ṣókùnkùn díẹ̀. Mi ò ka àwọn wọ̀nyí sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, torí pé àwọn ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà ti mọ ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì, títẹ ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fi ń tún un ṣe.

Èyí tí kọ̀ǹpútà kò lè tún ṣe ni àìgaara ní òpin. Ní 300 tàbí 400, tí ihò ṣí tán, fọ́tò superzoom kì í já gaara bíi ti lẹ́ǹsì 70-300mm tó dáa. Ẹ fún ihò pọ̀ sí F/8, ẹ ó rí ìyàtọ̀, àmọ́ ẹ tún ti dín ìmọ́lẹ̀ kù nìyẹn. Ẹ má kọjá F/11 láìnídìí, torí tí ihò bá ti kéré jù, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ká, fọ́tò á sì tún rọ̀. Bí ẹ bá sì sún mọ́ nǹkan gan-an, bíi òdòdó, 300mm tí ẹ rà lè máà jẹ́ 300mm mọ́. Ọ̀pọ̀ superzoom máa ń fẹ ojú síta bí wọ́n ṣe ń fojú sun ohun tó wà nítòsí. Lẹ́ǹsì yín kọ́ ló bàjẹ́.

Èwo ni kí ẹ wá mú?

Kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn fọ́tò yín. Ẹ ṣí igba fọ́tò tí ẹ fẹ́ràn jù nínú èyí tí ẹ ti yà, kí ẹ wo mm tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti ṣe. Tí púpọ̀ nínú wọn bá kóra jọ sí 55, tí ẹ rántí bí ẹ ṣe ń fẹ́ kó gùn sí i, superzoom ń pè yín. Tí wọ́n bá kóra jọ sí 18 sí 35, tó sì jẹ́ inú ilé ni ẹ ti ya púpọ̀ wọn, ohun tí ẹ nílò ni ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe gígùn, superzoom á sì já yín kulẹ̀. Wákàtí kan péré ni iṣẹ́ yìí gbà, mi ò sì mọ ìmọ̀ràn kankan tó dára jù ú lọ.

Fún ẹni tó ń rìnrìn àjò, tó ń gun òkè, tó ń rìn níbi tí iyanrìn àti eruku pọ̀ sí, tàbí òbí tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tí ọmọ ti ń sáré lójú ọ̀sán, ẹ rà á láìjanpata. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín bóyá 400 ni ẹ nílò lóòótọ́. Nikon 18-140mm jẹ́ gíráàmù 490. Canon 18-135mm tí wọ́n kọ USM sí lára, tó jáde lọ́dún 2016, wà ní ìwọ̀n 515. Àwọn méjèèjì parí sí F/5.6, àwòrán wọn sì máa ń gún régé ju ti àwọn tó lọ dé 300 lọ. Wọ́n lè sọ pé wọn kì í ṣe superzoom tó pé, èmi sì rò pé àwọn ló bá ọ̀pọ̀ èèyàn mu jù. Tí ẹyẹ àti ẹran igbó bá wà lọ́kàn yín, ẹ gbé ojú lé 18-300mm ti Sigma, tó jẹ́ gíráàmù 585, tàbí 18-400mm ti Tamron, tó fi díẹ̀ lé ní 700. Tamron yẹn nìkan ni mo mọ̀ tó dé 400 láti 18 fún DSLR, iṣẹ́ tó ṣe sì yà mí lẹ́nu.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, mo bẹ̀ yín, ẹ fi lẹ́ǹsì kékeré kan tì í. Nikon ní 35mm F/1.8 tó jẹ́ gíráàmù 200, Canon ní 50mm F/1.8 tó jẹ́ nǹkan bíi 160. Ó wọ inú àpò. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, tí gbogbo èèyàn wọlé, ẹ fi í rọ́pò superzoom. Lẹ́ǹsì méjì yìí máa ṣe ohun tí lẹ́ǹsì ńlá kan kò lè ṣe láé.

Ẹni tó bá ní full-frame, ọ̀nà yín kéré díẹ̀. Nikon 28-300mm ti 2010 jẹ́ gíráàmù 800, ó sì ṣeé gbé. Canon 28-300mm ti 2004 lágbára gan-an, àmọ́ kílò kan àti gíráàmù 670 ni, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé kọ́rùn ṣeré.

Ẹ rí i pé ó wọ kámẹ́rà yín. Ojú ìdè Nikon kò bá ti Canon mu, ti Pentax náà sì yàtọ̀. DX ti Nikon, EF-S ti Canon, Di II ti Tamron àti DC ti Sigma ń sọ pé APS-C ni wọ́n ṣe lẹ́ǹsì náà fún. EF-S kò ní wọ full-frame Canon rárá, Nikon DX á wọ full-frame Nikon, àmọ́ àárín sẹ́ńsọ̀ nìkan ni kámẹ́rà máa lò. Ẹ̀yin tó ní Nikon D3000 sókè sí D3500, tàbí ìlà D5000, kámẹ́rà yín kò ní mọ́tò tó ń yí lẹ́ǹsì kí nǹkan lè hàn gaara, ó gbọ́dọ̀ wà nínú lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀, bíi HLD tó wà lára orúkọ Tamron tí a fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn superzoom àtijọ́ kan kò ní in. Ẹ sì ṣọ́ra fún nọ́ńbà tó jọra: Tamron tún ṣe 28-200mm lọ́dún 2020, àmọ́ kámẹ́rà Sony tí kò ní dígí nínú ni ó wà fún, kò sí bí ẹ ṣe lè mú un wọ DSLR. Òdìkejì rẹ̀ ṣeé ṣe. Lẹ́ǹsì DSLR Canon tàbí Nikon lè wọ kámẹ́rà aláìnídígí ilé iṣẹ́ kan náà tí ẹ bá ra ìsopọ̀ wọn, nítorí náà owó yín kò ní ṣòfò tí ẹ bá pààrọ̀ kámẹ́rà lọ́jọ́ iwájú.

Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ dojú lẹ́ǹsì náà kọlẹ̀. Bó bá fúnra rẹ̀ já wálẹ̀, ó ti dẹ̀, àmọ́ bọ́tìnnì tó ń tì í lè gbà á bí ó bá ní in. Ẹ tan iná fóònù sínú rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí ẹ wo bóyá nǹkan bí okùn aláǹtakùn wà lórí gíláàsì, ìyẹn ni olú, ẹ má ra irú ẹ̀. Ẹ ya ògiri tó ní ìlà tàbí bíríkì, kí ẹ wo bóyá ọwọ́ òsì gaara tí ọwọ́ ọ̀tún kò gaara; gíláàsì kan ti yẹ̀ nínú ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e wọ inú ilé, síbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀, kí ẹ sún un dé òpin, kí ẹ ní kí ẹnì kan máa rìn bọ̀ lọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì yà á. Ìta ni ẹni tó ń tà á máa fẹ́ kí ẹ ti dán an wò. Inú ilé yẹn ni kí ẹ ti dán an wò kí ẹ tó sanwó.